Bọ́ọ̀tì Tí Wọn Kò Fẹ́ Tú

Wọ́n sin ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ọ̀kà láìjẹ́ pé màmá mi rí ojú rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin méjì tó ń ṣiṣẹ́ mọ́tò ní Ìkàrẹ́ kò fẹ́ tú bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Àwọn kan ti ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ti fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló so wáyà mọ́tò mi. Ẹni tó so ó wà láàyè, ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń bá èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú ọ̀fọ̀ ló ń gùn mí.

Ọmọ Ọ̀kà ni mí. Físíìsì ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìkàrẹ́. Màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, torí ilé wa ní Ọ̀kà wà lókè, orí òkúta lèèyàn ń gbà dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sí bí a ṣe lè máa gbé e gun ibẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́fà tí ìyá wọn bí, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Nítorí àwọn méjèèjì ni mo ṣe ra mọ́tò. Màmá mi kò lè gun ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fún ara rẹ̀ mọ́ èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn táksí.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni mo máa ń gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí títì, níwájú ilé ẹnìkan tó ń ta símẹ́ǹtì. Bí mo bá ti dúró, màá bọ́ sílẹ̀, òun á wọlé sí ààyè mi, á di síárìn mú bí ẹni tó fẹ́ wa mọ́tò gan-an.

Á ní, "Alájà, níbo lẹ fẹ́ kí n gbé yín lọ?"

Màmá mi á ní, "Mẹ́kà."

"Mẹ́kà wọ́n. Ṣé ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkàrẹ́?"

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rín kan náà. Lẹ́yìn náà ni á yọ ìgò àdín kékeré nínú àpò rẹ̀, á gbé ọwọ́ òsì màmá mi lé itan, á máa ra á ní ìka kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ náà á fi là. Èdè Ọ̀kà ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á máa sọ nípa àwọn tó ti kú. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ohun tí mọ́tò náà wà fún nìyẹn, kò ní iṣẹ́ mìíràn tó ṣe pàtàkì.

Jíà mọ́tò náà ló kọ́kọ́ dààmú. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan tí wọ́n júwe fún mi, àgbàlagbà, ẹgbẹ́ àbúrò bàbá mi, tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá níbi tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò pọ̀ sí ní Ìkàrẹ́. Ó sọ jíà náà kalẹ̀, ó tún un ṣe. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, jíà náà dáa títí dòní. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nílẹ̀, ó rí i pé ìdí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń dípẹtà, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀dà sí gbogbo inú ibẹ̀ kí ó lè dán. Ọ̀dà búlúù. Ó pè mí wá wò ó. Ó dán lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo nǹkan padà, tó so wáyà mọ́ ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Màá yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo iná á tàn, màá gbọ́ "kọ́" lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó parí. Ẹ́ńjìnì ò ní mira. Màá tún un yí, kọ́. Nígbà tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin tàbí ìkẹwàá, á gbà wàràwàrà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Ó lè ṣe ọ̀sẹ̀ kan gbáko kó má kọ̀. Ó sì lè kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan.

Mo padà lọ bá mẹkáníìkì. Mo sọ fún un, pẹ̀lú ẹnu mi, pé kí jíà yẹn tó wálẹ̀ mọ́tò yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó gbà. Ó pa á, ó tún un yí, ó gbà.

Ó ní, "Àǹtí tíṣà, ẹ ò rí i? Ó mọ ọ̀gá ẹ̀. Ẹ̀yin ni kò gbọ́ tiyín."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mo le.

Ó ní bátìrì ni. A pààrọ̀ bátìrì. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, kọ́. Ó ní sítátà ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi tòkunbọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kọ́. Ó wá ní ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe iṣẹ́ òun, ó sì fà mí lé rewáyà lọ́wọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe wáyà mọ́tò nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Ìyẹn pààrọ̀ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì, kọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mi wáyà káàkiri ni wáyà tó bàjẹ́ gan-an ń mì, tó ń rí ojú irin díẹ̀ fà mọ́, tá a sì ń rò pé a ti rí i tún ṣe.

Nígbà tí ó sú wọn, mẹkáníìkì gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀kà kọ́ ni yín ni? Ẹ máa gbé e sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ ohun tó ń sọ. Níbẹ̀, gbogbo mọ́tò ló máa ń kọjú sí ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀. Tí ó bá kọ̀, wọ́n á tú bíréèkì, á yí lọ díẹ̀, wọ́n á fi jíà kejì jí i. Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n. Torí bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí mọ́tò yẹn dójú tì mí níwájú ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ó kú láìmọ̀ pé mọ́tò náà ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni iwájú ilé tí mo ń gbé ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ní kí n wá òkè fún mọ́tò mi, dípò kí wọ́n wá ohun tó ń ṣe é.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti mítà yìí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ó bá wí. Ọjọ́ kan ni mo mú mítà iná láti làábù ilé ìwé wa, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọn bí iná ṣe ń rìn nínú wáyà kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kọ̀. Ohun tí mo ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Mẹkáníìkì yọ irinṣẹ́ lọ́wọ́, ó wò mí. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ wọn ibà fún un ni?"

Ẹ̀rín tún sọ. Rewáyà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ lọ sí ara wáyà dúdú tó ti orí bátìrì lọ bá ara mọ́tò, ó sì tètè gbójú kúrò. Mo rí i. Mo sì tún fi orúnkún kan kanlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá," mo dá mítà padà sínú báàgì. Torí pé ó ju mí lọ. Torí pé obìnrin ni mí nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mi ò ṣe é.

Ìgbà họlidé ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀, mo wa mọ́tò lọ ra búrẹ́dì, ó gbà ní yíyí kan. Nígbà tí mo dé, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri kí ilẹ̀kùn màmá mi lè bá pèpéle dọ́gba, bí mo ṣe máa ń ṣe. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ni ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí láti Ọ̀kà. Áfàà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú.

Ó ní, "Àbúrò, ìyá wa ti lọ. Lẹ́yìn àsùbáà ni."

Mo bi í pé ìgbà wo ni ìsìnkú.

"A ó kírun sí wọn lára lẹ́yìn àílà, ìrun ọ̀sán. A ò ní bo ojú wọn títí màmá yín á fi dé. Ẹ tètè gbé wọn wá."

Láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà, tí ọ̀nà Àkùngbá bá ti dí jù náà, kò tó wákàtí kan. Àyè wà. Mo sọ fún màmá mi. Kò ké. Ó ní kí n wẹ òun, kí n wọ aṣọ funfun fún òun. Ó pẹ́ ká tó ṣe tán nítorí pé ó ń dúró láàárín, á kàn máa wo ilẹ̀. Obìnrin méjì tí a jọ ń gbé ilé ló bá mi gbé e sínú mọ́tò. Aago mọ́kànlá lù bí mo ṣe jókòó. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Kọ́.

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kú pátá ló rí àánú gbà. Ká ní ó kú pátá, màá ti sáré lọ síta wá táksí kó tó di aago mọ́kànlá àbọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbà láàárọ̀. Kò sí ìgbà kan tí kì í gbà nígbẹ̀yìn. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo dúró, mo tún un yí. Mo fi òkúta gbá orí bátìrì. Mo pe mẹkáníìkì, ó ní, "Ẹ máa gbìyànjú ẹ, ó máa gbà." Mo pe rewáyà, ó ní òun wà níbi iṣẹ́ kan ní Ògbàgì, kí n ṣe sùúrù pẹ̀lú mọ́tò. Àwọn obìnrin méjèèjì bá mi tì í sẹ́yìn, ẹrẹ̀ mú táyà, kò kúrò lójú kan.

Áfàà pè. "Àbúrò, ṣé ẹ ti wà lọ́nà?"

Mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Mo ní, "A ti ń bọ̀."

Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbọ́ irọ́ náà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé pátákó iwájú mọ́tò, ó ń fi pa á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tu ẹran nínú.

Lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Aago kan kọjá kí n tó jáde lọ wá táksí, ẹsẹ̀ mi kún fún ẹrẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun kò gbé aláìsàn. Ìkejì dúró kí a gbé e láti mọ́tò kan sí òmíràn. Ní Àkùngbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀kadà gba gbogbo títì, a ń rìn bí ìgbín. Nígbà tí a dé ibi bẹ́ǹṣì yẹn ní Ọ̀kà, mo wo aago: méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Àwọn ọkùnrin ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Yẹ̀pẹ̀ pupa wà ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn. Ọ̀kan gbé ọkọ́ méjì léjìká. Áfàà wà lẹ́yìn wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé táksí.

Ó ní, "Àbúrò, ẹ ní ẹ ti ń bọ̀. A kírun tán, a dúró, a dúró. Àwọn àgbà ní kò yẹ ká fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kò bínú. Ká ní ó bínú, ì bá sàn.

Màmá mi bi í pé, "Ṣé wọ́n ti bo ojú ẹ̀ ni?"

Áfàà ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá mi yí ojú sí bẹ́ǹṣì náà. Òjò ti rọ̀ sí i lára, kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ó wò ó títí tí awakọ̀ táksí fi bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá a ṣì máa pẹ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo lọ mú mítà náà ní làábù. Mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé orí bátìrì níbi tí wáyà dúdú ti bẹ̀rẹ̀, mo fi èkejì lé ara ẹ́ńjìnì, mo ní kí obìnrin ilé wa kan máa yí kọ́kọ́rọ́. Tí ọ̀nà iná bá mọ́ láàárín ibi méjèèjì, ohun tí mítà máa kà kò yẹ kó tó ìdajì fóòtì kan, ìwọ̀n agbára iná. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mọ́tò gbà. Ní ìkẹfà ó kọ̀, mítà sì ka fóòtì mẹ́sàn-án. Mo tẹ̀ lé wáyà dúdú náà dé ibi tí bọ́ọ̀tì ti dè é mọ́ ara mọ́tò. Mo fi sípánà tú u. Ọ̀dà búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀dà tó dán, pẹ̀lú ìpẹtà tẹ́ẹ́rẹ́ létí. Orí ọ̀dà ni wọ́n so wáyà lé, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Mo fi ọ̀bẹ ìdáná ha á títí irin fi funfun, mo fi bọ́ọ̀tì mìíràn dè é padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ ní ìgbà àádọ́ta. Kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo jókòó sórí pèpéle, mo ń wo ọ̀bẹ náà.

Mo lọ bá rewáyà. Òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Mo ti rí ohun tó ń ṣe mọ́tò. Wáyà dúdú ni."

Ó ń nu ọwọ́. Ó ní, "Ọ̀dà yẹn ni, àbí?"

Mi ò tíì dárúkọ ọ̀dà.

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀dà ni?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ọ̀gá ló fọwọ́ ara wọn so ó. Àwọn ni wọ́n fún mi láyè níbí. Tí mo bá tú ohun tí wọ́n so níwájú kọ́sítómà, mo ti sọ wọ́n di ẹni tí kò mọṣẹ́ nìyẹn. Níbí, a kì í tú u."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ mú mítà wá."

"O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa wa á bẹ́ẹ̀?"

"Mo rò pé ẹ máa gbé e lọ síbòmíràn, Àǹtí. Ẹlòmíì ì bá tú u."

Nígbà tí ọ̀gá dé, mo fi bọ́ọ̀tì àtijọ́ náà hàn án ní gbangba. Ó wò ó, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí àbí kò ṣiṣẹ́?" Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Kí ló wá kù? Ọlọ́run á forí jin ìyá. Kì í ṣe mẹkáníìkì ló ń pa èèyàn." Mo ní mi ò sọ pé ó pa á. Mo kó ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n ka Fátíhà, wọ́n ṣe àmín. Kò sí ẹni tó bi ọ̀gá ní ìbéèrè kan.

Mọ́tò náà ń gbà báyìí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, màá jí i, màmá mi á gbọ́ láti inú yàrá.

Á ní, "Ó gbà?"

"Ó gbà, màmá."

"Ó dáa." Á sì yí ojú sí ògiri. Kò wọ inú rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, kò sì bèèrè Ọ̀kà mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ká padà. Mo ra àdín, mo fẹ́ máa bá a ra á, ó rọra fa ọwọ́ náà sábẹ́ aṣọ. Dókítà ní tí kò bá là báyìí, kò ní là mọ́.

Torí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn, mi ò wá gba owó lọ́wọ́ yín. Èsì ni mo wá gbà. Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ so wáyà lé orí ọ̀dà: nígbà tí mo sọ fún yín pé iṣẹ́ yín ló ṣáájú àìsàn yìí, kí ló dé tẹ́ ẹ kò fi wo iṣẹ́ yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìwọ rewáyà, nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn tí màmá mi jókòó sínú mọ́tò pẹ̀lú aṣọ funfun, o mọ bọ́ọ̀tì tí ó jẹ́. Ó tó ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí ló dì ọ́ lẹ́nu, nígbà tí ọ̀gá rẹ ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mọ́tò mélòó ní Àkókó ló ń rìn lórí ohun tí ẹ kì í tú? Mi ò fẹ́ àdúrà. Ilé mi kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ wá, kí ẹ jókòó níwájú obìnrin náà, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún un ìdí tí kò fi rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.